Omi Wo Ló Wà Lára Ògiri Yìí? Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tó Fẹ́ Ra Ilé Àtijọ́ ní Àgbádárìgì

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń tu owó jọ láti di onílé, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ọ̀rinrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó dùn létí. Bí ènìyàn bá fẹ́ ra ilé, ìwé ilẹ̀ ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ béèrè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ra ilé tí kò níwèé, wàhálà ló fowó rà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí lọ́yà bá ti yẹ ìwé wò tán, ojú lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wo ilé fúnra rẹ̀: a óò ka iye yàrá, a óò ṣí ẹ̀rọ omi wò, a óò gbójú sókè wo àjà, a óò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá-dúrà. Ògiri tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró, a kì í tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò pọ̀. Ilé àtijọ́ tí ọ̀rinrin kò sí lára rẹ̀ rárá ṣọ̀wọ́n ní Àgbádárìgì, nítorí náà bí ẹ bá ń béèrè bóyá ọ̀rinrin wà níbẹ̀, ẹ kò tíì béèrè nǹkan kan. Ìbéèrè tó wúlò fún ẹni tó ń rà ni pé: omi wo ni? Omi kan wà tó ń ti ilẹ̀ gòkè, òmíràn ń ti òkè tàbí ẹ̀gbẹ́ wọlé, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé àwọn tó ń gbé inú ilé gan-an ló ń ṣe é. Gbogbo wọn ló ń ba ọ̀dà jẹ́, gbogbo wọn ló ń mú kí yàrá rùn, ṣùgbọ́n ní ti owó tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ yín, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ọ̀kan lè jẹ́ owó páànù méjì àti iṣẹ́ ọjọ́ kan. Òmíràn lè jẹ́ ìdí tí ẹ ó fi gbàgbé ilé náà pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ tí a tẹ̀ yìí. Ọ̀sà wà níwájú ìlú, òkun wà lẹ́yìn ọ̀sà, kò sì sí ohun tó là wọ́n láàárín ju ilẹ̀ oníyanrìn tóóró tí Gbẹ̀rẹ̀fù wà lórí rẹ̀ lọ. Ní àwọn àdúgbò tó sún mọ́ Màrínà, ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga kì í pẹ́ kan omi, nígbà tí òjò bá sì rọ̀ dáadáa ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, omi kànga náà á tún gòkè sí i. Ìyẹn ni pé ìpìlẹ̀ ilé wa kì í jìnnà sí omi láti ọdún dé ọdún. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sọ pé ilé etí omi kò ṣeé rà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní 1845 ṣì dúró ní Màrínà níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń fẹ́ sí i lára, àwọn àlejò sì ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ títí di òní olónìí. Kì í ṣe ọjọ́ orí ilé ló ń fa ọ̀rinrin, ìtòsí omi nìkan náà kọ́. Ọ̀nà tí omi ń gbà wọ ògiri ni kí a wá.

Omi tó ń ti ilẹ̀ gòkè ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí òun ni mo ń bá pàdé jù nínú àwọn ilé àtijọ́ agbègbè yìí, òun náà sì ni àwọn tó ń ta ilé mọ bí a ti ń bò mọ́lẹ̀ jù. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Omi kò ní sùúrù aláǹgbá. Ògiri tó panu mọ́ gan-an ló ń bá wọlé. Nínú bulọ́ọ̀kù, nínú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi tò ó, àti nínú èyí tí wọ́n fi rẹ́ ẹ, ihò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ló kún ibẹ̀, àwọn ihò yìí sì ń fa omi láti ìpìlẹ̀ sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ó lè gòkè tó mítà kan, nígbà mìíràn ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, títí yóò fi dé ibi tí atẹ́gùn ti ń gbẹ ẹ́ dànù bí ilẹ̀ ṣe ń rán an wá. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ilà kan tí kò tọ́ lára ògiri, tí ọ̀dà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú tó sì ti ń bó, tí ti òkè rẹ̀ sì ń dán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ohun tó yẹ kó dá omi yìí dúró ni ìdènà tí bíríkìlà ń tẹ́ sórí ìpìlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ògiri, àti náílọ́nù nínípọn tó ń tẹ́ sábẹ́ kọnkéré ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n da òkúta sí i, wọ́n da kọnkéré lé e, wọ́n sì gbé ògiri sórí rẹ̀. Ẹ má fi àkókò ṣòfò láti bi onílé bóyá ilé rẹ̀ ní DPC, ìyẹn orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ ń pe ìdènà orí ìpìlẹ̀ yìí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ni yóò wí, kọnkéré ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní jámánì fúlọ̀ ni yóò sì ní lọ́kàn. Kò purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n kò dá yín lóhùn.

Ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín ni pé kí ẹ yí ilé náà po láti ìta kí ẹ tó wọlé. Ẹ wo bí ilẹ̀ ìta ṣe ga tó sí ilẹ̀ inú yàrá. Ó yẹ kí ilẹ̀ ìta fi ó kéré tán íǹṣì mẹ́fà rẹlẹ̀ ju ibi tí ìdènà omi wà lọ, kí òjò tó ń ta sí ilẹ̀ má baà máa ta sí ògiri lókè ìdènà. Ní ọ̀pọ̀ òpópónà wa, ìgbà tí wọ́n kọ́ ilé, ó ga ju títì lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún títì ṣe, wọ́n gbé e ga, wọ́n sì la gọ́tà sí i, ilé di èyí tó wà nínú kòtò. Kí onílé má baà máa fi abọ́ gbọ́n omi ní gbogbo ìgbà òjò, ó pe tírélà iyanrìn, ó kún ọgbà rẹ̀ dé ojú títì. Ó rò pé òun ti bọ́. Ṣùgbọ́n ògiri ilé ti di ohun tí a rì mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi iyanrìn tútù náà sì ń wọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, lókè ìdènà tí wọ́n ti sanwó fún láti ọjọ́ yìí wá. Bí ẹ bá rí ilé tí ènìyàn ń sọ̀kalẹ̀ wọ̀, tàbí tí ìsàlẹ̀ fèrèsé rẹ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀ jù, tàbí tí àtẹ̀gùn mẹ́ta ẹnu ọ̀nà ti ku ẹyọ kan, ìtàn tí mo sọ yìí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Inú mi máa ń dùn díẹ̀ bí mo bá rí i, nítorí ohun tí ọkọ́ àti kẹ̀kẹ́ ọmọlanke lè tún ṣe ni. Bí a bá kó iyanrìn náà kúrò lẹ́bàá ògiri, tí a sì fi kọnkéré ṣe etí ilé kí ó dagẹ̀rẹ̀ síta, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Ìyọ̀ ló wá mú ọ̀rọ̀ Àgbádárìgì yàtọ̀ sí ti àwọn ará òkè. Iyanrìn wà lọ́dọ̀ wa lọ́pọ̀ yanturu, nítorí náà ó rọrùn fún ẹni tó fẹ́ ṣọ́ owó ná láti fi iyanrìn etí òkun gún bulọ́ọ̀kù, ìyọ̀ sì ti wà nínú iyanrìn náà kí ó tó di ògiri. Yàtọ̀ sí èyí, atẹ́gùn òkun ń gbé ìyọ̀ wá, omi ilẹ̀ tó ń gòkè náà sì ń kó àwọn ìyọ̀ ilẹ̀ dání. Nígbà tí omi bá gbẹ lójú ògiri, ìyọ̀ kì í bá a lọ; ó ń ṣẹ́ kù, ó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ó di ìyẹ̀fun funfun tó ń ti abẹ́ ọ̀dà yọ, ó sì ń fi agbára tirẹ̀ ti pílásítà dànù ní wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá gbá a, yóò tún padà wá.

Ìyọ̀ yìí tún ní ìwà kan tó ń da ọ̀pọ̀ bíríkìlà láàmú. Ìyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi láti inú afẹ́fẹ́ nígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú 100, afẹ́fẹ́ etí òkun wa sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní ìgbà òjò. Nítorí náà, ògiri tí ìyọ̀ ti kún lè tutù ní àárọ̀ kí ó sì gbẹ ní ọ̀sán, láìsí omi kankan tó ń ti ilẹ̀ wá mọ́. Onílé ti gbẹ́ gọ́tà, ó ti tún páànù ṣe, ògiri ṣì ń làágùn, ó wá ń bú bíríkìlà. Kò sí ohun tó lè gba irú ògiri bẹ́ẹ̀ ju pé kí a yọ pílásítà tí ìyọ̀ ti mu kúrò, kí a sì fi iyanrìn odò tí kò ní ìyọ̀ rẹ́ ẹ tuntun. Bí ìyọ̀ bá jẹ́ ti bulọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀, ẹ ó máa bá a gbé ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Nípa ìyọ̀ yìí náà ni mo fi ń kìlọ̀ fún àwọn tó ra ẹ̀rọ kékeré tí ń díwọ̀n ọ̀rinrin, tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri. Igi ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún. Bí ìyọ̀ bá ti wà nínú ògiri, iye tí ẹ̀rọ yóò fi hàn á fò sókè, ògiri tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ á sì dà bí èyí tí wọ́n kì bọ inú ọ̀sà. Ẹ lè lò ó láti fi ibì kan wé ibòmíràn lára ògiri kan náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi òǹkà rẹ̀ dá ẹjọ́.

Ibi tí mo ti ń ní kí ènìyàn dúró kí ó ronú dáadáa ni ibi tí ìyọ̀ àti omi bá ti dé ara irin. Irin tó wà nínú òpó, nínú líńtẹ́lì àti nínú dẹ́kìn-ín, bí ó bá dógùn-ún, ìdógùn-ún náà máa ń gba àyè tó ju èyí tí irin ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kọnkéré kò sì ní ibi tí yóò yà sí fún un, ni ó bá là. Irú lílà yìí kì í rí jágajàga bíi ti pílásítà tí oòrùn là. Ó máa ń tẹ̀ lé irin gbọọrọ, láti òkè òpó dé ìsàlẹ̀, tàbí lábẹ́ dẹ́kìn-ín ní ìlà tó tọ́, pẹ̀lú àbàwọ́n pupa bí omi tó ti kọjá lórí irin àtijọ́. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ gbá a. Bí ó bá dún bí ohun tó ṣófo, kọnkéré ti yà kúrò lára irin. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rinrin lásán nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹngíníà ni. Ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń ṣàyẹ̀wò ohun ìkọ́lé, tí wọ́n ń pè ní LSMTL, ní ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi yẹ kọnkéré ilé tó ti wà nílẹ̀ wò láìwó o, owó àyẹ̀wò náà kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé. Onílé tí kò bá fẹ́ kí wọ́n wá yẹ òpó rẹ̀ wò ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Mo tẹ̀ lé ìyá kan lọ wo ilé kan ní Ajara, ilé bulọ́ọ̀kù oníyàrá mẹ́rin tí iye tí wọ́n ń pè é bójú mu gan-an. Wọ́n ti tẹ́ táìlì sí ògiri pálọ̀ láti ilẹ̀ dé ìgbàyà ènìyàn. Alágbàtà sọ pé, "Màmá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí báyìí o, ó rọrùn láti nù." Ìyá náà kò dá a lóhùn. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri ní òkè ibi tí táìlì parí sí, nígbà tí wọ́n sì mú un kúrò, ọ̀dà ti lẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú ìyẹ̀fun funfun. Wọ́n tẹ̀ síwájú lọ sí ẹ̀gbẹ́ fìríìjì, wọ́n yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí táìlì kò dé ẹ̀yìn fìríìjì?" Ẹ̀yìn fìríìjì náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: pílásítà ti já bọ́ títí kan bulọ́ọ̀kù, ìdè sókẹ́ẹ̀tì iná tó wà níbẹ̀ sì ti dógùn-ún. Táìlì kò tilẹ̀ gbẹ ògiri náà. Ó kàn dí ojú rẹ̀ ni, omi tí ì bá ti ibẹ̀ gbẹ wá gòkè lọ wá ibòmíràn. Ìdí nìyí tí ọ̀rinrin fi hàn ní òkè táìlì, níbi tí kò dé tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ilé tí wọ́n ti tẹ́ táìlì sí ògiri pálọ̀, tàbí tí wọ́n fi pákó oníke bo ògiri láti òkè dé ilẹ̀, tàbí tí ìdajì ìsàlẹ̀ ògiri kan ṣoṣo ti gba ọ̀dà tuntun nígbà tí ìyókù ṣì jẹ́ ti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ fara balẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bá yín sún àga àti kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ wo inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó ń kun ọ̀dà kì í dé. Ẹ wo férémù ilẹ̀kùn ní ìsàlẹ̀, bóyá ikán ti dé ibẹ̀, nítorí igi tó bá tutù ni ikán fẹ́ràn. Bí ayálégbé bá wà nínú ilé, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n máa ń gbé bẹ́ẹ̀dì sí nígbà òjò. Òun ni yóò sọ fún yín ohun tí alágbàtà kò ní sọ.

Ní ti omi tó ń ti òkè wá, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ojú ń rí i. Àbàwọ́n àjà, páànù tó ti dá ihò, ìṣó tó ti tú, gbogbo rẹ̀ kò ju iṣẹ́ káfíńtà lọ. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ ni ilé tí wọ́n fi ògiri bo páànù lójú yípo, tí gọ́tà kọnkéré sì wà lẹ́yìn ògiri náà. Ó wu ojú láti ìta, ṣùgbọ́n ewé á dí ojú páìpù, omi á dúró sínú gọ́tà, yóò sì máa jò sórí ògiri yàrá láti òkè. Ẹ gun àkàbà wò ó, tàbí kí ẹ rán ẹni tó lè gùn ún. Ọ̀rinrin tó bá pọ̀ lókè ògiri tó sì dínkù bó ti ń bọ̀ nílẹ̀, òkè ni kí ẹ wò. Bí ó bá jẹ́ ògiri tó kọjú sí ibi tí òjò ti ń fẹ́ wá nìkan ló tutù, ẹ wo etí fèrèsé àti ojú ibi tí pílásítà ìta ti là. Bí ó bá sì jẹ́ ògiri kan ṣoṣo nítòsí balùwẹ̀, yálà nígbà òjò tàbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, páìpù ló ń jò tàbí kí sókàwéè ti sún mọ́ ilé jù. Páìpù rọrùn láti mọ̀: ẹ ní kí wọ́n pọn omi kún táǹkì lálẹ́, kí wọ́n ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, kí wọ́n sàmì sí ojú omi, kí ẹ padà wá wò ó lówùúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lò ó.

Omi ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Èémí wa, ìkòkò tó ń hó, aṣọ tí a sá sínú ilé nígbà òjò, gbogbo rẹ̀ ń fi omi kún inú afẹ́fẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ bá sì kan ohun tó tutù jù ú lọ, ó di omi. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ amúlétutù nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò dé dáadáa ń pe omi sára ògiri rẹ̀ ni, àti ẹ̀yìn ògiri yàrá kejì tí kò ní ẹ̀rọ. Ẹ ó rí ohun dúdú tó hù sí igun yàrá àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ó sì gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Kò dára fún ọmọdé, pàápàá ẹni tó ní ikọ́ fée, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò pọ̀: fèrèsé tó ń ṣí, ihò atẹ́gùn, àti kí a fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá omi inú ògiri ni tàbí omi afẹ́fẹ́, ẹ gé náílọ́nù tó ń dán, kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ níbùú àti lóròó, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà ní ẹ̀yìn náílọ́nù, láti inú ògiri ló ti wá. Bí ojú rẹ̀ tó kọjú sí yàrá ló làágùn, afẹ́fẹ́ ilé ni. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ilẹ̀ yàrá náà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ díẹ̀ nípa àwọn ilé alámọ̀ tó ṣì wà ní àárín ìlú, tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú tó fi dà bí ilé bulọ́ọ̀kù. Amọ̀ máa ń gba ọ̀rinrin, ó sì máa ń tú u sílẹ̀. Bí ó ti ń ṣe nìyẹn láti ayébáyé. Sìmẹ́ǹtì tó le tí wọ́n fi bò ó kì í jẹ́ kó tú u sílẹ̀ mọ́. Omi á dúró sẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, amọ̀ á rọ̀, lọ́jọ́ kan á já bọ́ lódidi pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹ gbá ògiri náà kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Bí ẹ bá rà á, ẹfun tàbí amọ̀ ni kí ẹ fi tún un rẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí páànù rẹ̀ gùn síta dáadáa kí òjò má baà máa nà án.

Lórí àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ti mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì tí kì í jẹ́ kí omi kọjá rẹ́ ògiri láti inú kí òun tó mọ ibi tí omi ti ń wá, owó yín ló fẹ́ jẹ. Omi tó bá pàdé ìdíwọ́ á gòkè sí i ni. Ẹ kọ́kọ́ dí orísun: ẹ gé ilẹ̀ ìta rẹlẹ̀, ẹ la gọ́tà, ẹ tún páànù ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ ha pílásítà tó ti bàjẹ́ kúrò, kí ẹ ha á kọjá ilà ọ̀rinrin ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, kí ẹ sì fi ògiri sílẹ̀ kó gbẹ. Sùúrù ń tán àwọn ènìyàn níbí. Ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ni oṣù kan fún íǹṣì kan nínú nínípọn ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bulọ́ọ̀kù oníhò lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà òjò sì lè fà á gùn. Oògùn kan wà tí wọ́n ń gún sínú ògiri láti fi rọ́pò ìdènà tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n á lu ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri, wọ́n á fún un sínú rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára ògiri tó kì, ṣùgbọ́n nínú bulọ́ọ̀kù oníhò, oògùn náà lè ṣàn lọ sínú ihò dípò kó mu bulọ́ọ̀kù, nítorí náà ẹ bi ẹni tó fẹ́ ṣe é bí yóò ṣe yanjú ìyẹn kí ẹ tó bá a dá owó. Ní gbogbo ìgbà yìí, ògiri yóò burẹ́wà, kò sì ní ṣeé kùn. Bí ẹ bá ti ń rò pé ẹ ó kó wọlé ní oṣù tó ń bọ̀, ẹ fi àkókò yẹn sínú ìṣirò yín, bí ẹ ti ń fi owó sí i.

Owó gan-an, ẹ mú bíríkìlà tí kì í ṣe ti alágbàtà dání, kí ó kọ iye tí iṣẹ́ náà yóò gbà sílẹ̀, kí ẹ sì gbé ìwé náà síwájú onílé nígbà tí ẹ bá ń nájà. Ẹni tó ń sọ pé ilé òun tutù díẹ̀ máa ń yí ohùn padà bí ó bá rí iye rẹ̀ lójú ìwé. Bí onílé bá ní òun ti tún un ṣe, ẹ béèrè ohun tó ṣe, kì í ṣe ìgbà tó ṣe é nìkan. Ọ̀dà kọ́ ni àtúnṣe.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, tí a ṣí ìbéèrè sílẹ̀, bàbá kan béèrè pé ṣé kí òun dúró de ìgbà òjò kí òun tó lọ wo ilé, nítorí onílé tí òun ń bá sọ̀rọ̀ fẹ́ tà á kí ọyẹ́ tó tán, iye tó sì pè é dára. Mo ní kí wọ́n lọ. Ìgbà òjò ló ń fi ibi tí ó ń jò hàn, ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ ni ìyọ̀ máa ń yọ síta jù, nítorí omi ń yára gbẹ lójú ògiri ó sì ń fi ìyẹ̀fun sílẹ̀. Kí wọ́n wo ìyẹ̀fun náà, kí wọ́n lẹ náílọ́nù mọ́ ògiri àti ilẹ̀, kí wọ́n wo òpó àti abẹ́ dẹ́kìn-ín. Ohun tí ọyẹ́ kò lè fi hàn ni òrùlé àti ibi tí àgbàrá ń gbà. Fún ìyẹn, kí wọ́n bá lọ́yà wọn sọ̀rọ̀ kí àdéhùn gbà wọ́n láyè láti dá díẹ̀ dúró nínú owó náà títí òjò ńlá àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀ lé ilé náà lórí, kí wọ́n sì lọ bi aládùúgbò tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà ibi tí omi máa ń dé ní oṣù kẹfà. Bàbá náà ní onílé lè máà gbà. Mo ní bí kò bá gbà láti dá owó dúró, ó lè gbà láti dín in. Kí wọ́n ní kí ó yan ọ̀kan.